Ẹni Tó Ń Bọ́ Àrùn

Ìbínú ni Zubaidat kọ́kọ́ fi pàdé Jàfárù, ìbínú náà kò sì kéré. Láti ìdájí ni òun àti Màríámọ̀ ìyá rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọsibítù. Oòrùn Niamey ti gun orí ògiri, ẹnikẹ́ni kò tíì pè wọ́n. Wọ́n ti gé ọmú òsì ìyá yìí lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ní ó ti tán. Kò tán. Ó ti tún yọ lábẹ́ apá, ó sì ti wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni ọkùnrin gíga kan tó wọ aṣọ funfun ti bá wọn. Ó kí wọn ní Zarma, ó kí wọn ní Faransé, nígbà tó gbọ́ ohun tí ìyá àti ọmọ ń bá ara wọn sọ, ó wá kí wọn ní Yorùbá. Ó ní òun fẹ́ bẹ màmá fún ẹ̀jẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ̀jẹ̀ wo?" ni Zubaidat bi í. "Èyí tí ẹ gbà lánàá kò tó yín, èyí tí ẹ gbà lọ́sẹ̀ tó kọjá kò tó yín. Ẹ kúkú lọ gbé garawa wá."

Ọkùnrin náà gbìyànjú láti ṣàlàyé, Yorùbá rẹ̀ sì ń kọsẹ̀, nítorí Niamey ni wọ́n bí i sí, Niamey náà ló dàgbà sí. Ó ní kókó tó wà lára màmá máa ń ju àwọn sẹ́ẹ̀lì kan sínú ẹ̀jẹ̀, àwọn nǹkan tín-tìn-tín tí ojú lásán kò lè rí, àwọn yẹn ló sì ń rìn lọ tẹ̀dó síbòmíràn nínú ara. Wọn kì í pọ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún ìgò kékeré, díẹ̀ ṣín-ún ni èèyàn lè rí láàárín ọ̀kẹ́ àìmọye tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Iṣẹ́ tàwọn ni láti ṣà wọ́n jáde láàyè, kí àwọn sì dán oògùn wò lára wọn, kó má jẹ́ pé ara aláìsàn ni wọ́n á máa dán gbogbo rẹ̀ wò.

Màríámọ̀ bi í bí wọ́n ṣe ń ṣà á.

"Asẹ́ ni, màmá. Ojú rẹ̀ kéré gan-an. Ẹ̀jẹ̀ á kọjá. Èyí tó burú tóbi jù, ara rẹ̀ sì le, á dúró lókè."

"Bí eèrí ògì," ni Màríámọ̀ wí, ó sì na apá rẹ̀. Ó ní ẹni tó bá lè sẹ́ eèrí yẹn kúrò lára òun, kó wá gba ohun tó bá fẹ́. Ó tún bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní ọmọ Bàbá Ṣàmsúdéènì tó ń ta pákó ní ọjà Katako ni òun, Jàfárù ni orúkọ òun. Màríámọ̀ yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bí ẹni pé ìyẹn parí ọ̀rọ̀.

Zubaidat ń wo ọwọ́ ọkùnrin náà bó ṣe ń wá iṣan. Ọkùnrin náà rí i lẹ́ẹ̀kan náà, kò gún ìyá rẹ̀ káàkiri bí àwọn tó kù. Torí ìyẹn nìkan ló ṣe gbẹ́nu dákẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn kò so èso kankan. Jàfárù fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ wọn ní Zongo. Ó dúró láàárín àwọn àǹkárá tí wọ́n fi kọ́, ó ní àwọn rí mélòó kan, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń rí, ọ̀pọ̀ jù lọ ló ń kú mọ́ àwọn lọ́wọ́. Zubaidat ní ó yẹ kó tilẹ̀ parọ́ fún wọn díẹ̀. Jàfárù ní Yorùbá òun kò tíì dé ibi tí òun lè fi parọ́. Màríámọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pa á lẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ló ti ń yà wá. Ó ní màmá ni òun ń kí. Ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́, àti màmá pàápàá.

Ọkùnrin kan ti wà ṣáájú rẹ̀, ẹlẹ́nu oyin. Ìmọ́lẹ̀ ayé òun ló máa ń pe Zubaidat. Nígbà tí wọ́n gé ọmú Màríámọ̀, ó ní òun gbọ́ pé àrùn yẹn a máa bá ọmọbìnrin nínú ẹ̀jẹ̀, kí Zubaidat jọ̀ọ́ gbọ́ òun yé, òun ń lọ. Ó yé Zubaidat. Látìgbà náà, bí ọ̀rọ̀ bá ti ń dùn jù, ṣe ló máa ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Jàfárù kò ní ọ̀rọ̀ tó dùn. Lọ́jọ́ kan tí oògùn tí wọ́n ń fà sí Màríámọ̀ lára mú un bì nínú ṣọ́ọ̀bù, tí àwọn oníbàárà fi aṣọ bo imú sá jáde, Jàfárù ló gbé abọ́ sí i lẹ́nu. Ó dà á nù, ó fọ̀ ọ́, ó gbé e padà, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tó ń sọ tẹ́lẹ̀ nípa pákó bàbá rẹ̀ lọ. Ìdí abọ́ èébì yẹn ni ọkàn Zubaidat ti yí sí i. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é ní kàyéfì. Jàfárù kì í lè jókòó pẹ́. Ọjọ́ Iléyá pàápàá, ó fi ẹran sílẹ̀ nínú abọ́, ó ní òun ní láti padà sí ilé ìwádìí, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Zubaidat ní ta ló gbọ́dọ̀ jẹun? Ó ní àwọn tí òun ń tọ́ ni. Zubaidat rò pé eku ni. Ó ti gbọ́ pé àwọn tó kàwé bẹ́ẹ̀ a máa sin eku. Ó tilẹ̀ bi í nígbà kan bóyá wọ́n ń dàgbà. Jàfárù ní rárá, wọn kì í fẹ́ dàgbà, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Àánú rẹ̀ ṣe Zubaidat. Ó ní kó ṣe sùúrù, wọ́n á dàgbà.

Àǹtí Àjọkẹ́ ni alárinà wọn. Ọ̀rẹ́ Màríámọ̀ ni, ó ń ta ike ní Katako, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà kì í sinmi. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ pé Jàfárù fẹ́ fẹ́ Zubaidat lọ bá Àlhájì Ìdrìsù, bàbá Zubaidat, nílé wọn ní Boukoki. Àlhájì kò kọ̀. Ó ní kí ọmọ náà wá, òun fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Jàfárù wá. Ó dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó jókòó. Zubaidat dúró sẹ́yìn kọ́tìnnì, bí gbogbo ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa ń dúró. Àlhájì bi í ní èyí tó rọrùn, ó dáhùn. Ó wá bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe gan-an nílé ìwádìí yẹn.

"Mò ń yọ àrùn jẹjẹrẹ jáde nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, bàbá. Mo wá ń tọ́ ọ nínú àwo, kó lè dàgbà."

Àlhájì tún ọ̀rọ̀ náà pè. "O ń tọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ìyẹn ni pé o ń bọ́ ọ. Kí lò ń fún un jẹ?"

Ẹlòmíràn ì bá ti wá ọ̀nà yọ. Jàfárù ní oríṣi omi kan ni, tó ní ṣúgà nínú, àti omi tí àwọn ń yọ lára ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù.

"Ìyàwó mi kò lè jẹ ẹran kó dúró nínú rẹ̀," ni Àlhájì wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè rárá. "Àrùn rẹ̀ wá ń jẹ màlúù lọ́dọ̀ rẹ."

Àǹtí Àjọkẹ́ fẹ́ dá sí i, Àlhájì gbé ọwọ́ sókè. Ó ní nígbà tí òun fẹ́ fẹ́ Màríámọ̀, òun kó àwọn ẹgbẹ́ òun lọ sóko bàbá rẹ̀, àwọn ro ó, àwọn tu èpò ibẹ̀ títí ọwọ́ àwọn fi bó. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ṣe ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ àna.

"Ìwọ wá tọrọ ọmọ mi, èpò lò ń gbìn. Dìde. Má wá sílé mi mọ́."

Jàfárù dìde. Lẹ́yìn kọ́tìnnì, ó wá yé Zubaidat. Kì í ṣe eku. Kò sí eku kankan níbì kan. Ohun tó ń pa ìyá rẹ̀ ni ó ti béèrè bóyá ó ń dàgbà. Ohun tó ń pa ìyá rẹ̀ ni ó ti ní kí Jàfárù ṣe sùúrù fún. Inú bí i sí bàbá rẹ̀ tó lé ọkùnrin náà, ó sì bí i sí ọkùnrin náà tó jẹ́ kí wọ́n lé òun, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ló bínú sí jù.

Màríámọ̀ ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti yàrá. Lọ́jọ́ kejì, Àǹtí Àjọkẹ́ mú iṣẹ́ wá: Jàfárù ní àwọn ti gba asẹ́ tuntun, ó dára ju ti àtijọ́ lọ, òun ì bá fẹ́ gbìyànjú sí i, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí òun lè gbà wọlé. Zubaidat ní kó gbàgbé rẹ̀. Màríámọ̀ ní ta ló bi í. Ó ní ẹ̀jẹ̀ òun ni, kì í ṣe ti Àlhájì, kì í ṣe ti ọmọ òun. Ìlhàm, nọ́ọ̀sì tó ń wá fún un labẹ́rẹ́ nílé, fà á sínú ìgò, Àǹtí Àjọkẹ́ sì gbé e. Alárinà yòókù, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbé láti ilé ọmọbìnrin lọ bá ọkùnrin. Ẹ̀jẹ̀ ni tiwọn ń gbé.

Ìgbà ooru ni. Ní Niamey nígbà ooru, ohun tí èèyàn bá fẹ́ràn, inú yìnyín ló ń gbé e sí, ìbáà ṣe omi, ìbáà ṣe ẹran, ìbáà ṣe oògùn. Àǹtí Àjọkẹ́ fẹ́ràn Màríámọ̀. Ó ra yìnyín kún kúlà, ó tẹ ìgò ẹ̀jẹ̀ náà sáàárín rẹ̀, ó wọ táksì kọjá Odò Ọya lọ sí ilé ìwádìí, inú rẹ̀ sì ń dùn pé òun mọ nǹkan tọ́jú. Nígbà tí Jàfárù ṣí kúlà, ṣe ló jókòó sílẹ̀. Òtútù ti pa gbogbo rẹ̀.

Àǹtí Àjọkẹ́ padà wá ròyìn. Ó ní Jàfárù bi òun pé ta ló ní kí òun gbé e sínú yìnyín, òun náà bi í pé ta ló ní kí òun má gbé e síbẹ̀. Òótọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Zubaidat wo apá ìyá rẹ̀ tó ti dúdú nítorí abẹ́rẹ́. Ó ní kí Àǹtí lọ sọ fún ọkùnrin yẹn pé ẹ̀jẹ̀ ìyá òun kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Èsì dé ní ìrọ̀lẹ́. Àǹtí ní Jàfárù ní òun jẹ̀bi.

"Kí ló tún sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ dídùn díẹ̀ lé e kí n rí nǹkan gbé délé, ó ní kò sí."

Zubaidat kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn sí Àǹtí Àjọkẹ́ kó má baà rí ojú òun.

Wọ́n tún fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, Màríámọ̀ ló tún pàṣẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí Àjọkẹ́ fi gèlè wé ìgò náà, ó ki í sí àyà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo àyà nínú táksì títí awakọ̀ fi bi í bóyá ọkàn ló ń dùn ún. Ó ní kì í ṣe ọkàn òun, ọkàn ọmọ ẹlòmíràn ni òun gbé.

Ọ̀sẹ̀ lọ, wọn kò gbọ́ nǹkan. Ara Màríámọ̀ ń lọ sílẹ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò sí iná, tí omi kò sì yọ dáadáa, ó ṣubú nínú balùwẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Zubaidat bá a nílẹ̀, ó jókòó tì í sínú omi, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Kò lè gbé e dìde, bàbá rẹ̀ kò sí nílé. Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà Jàfárù ni, ẹni tí kò pè é láti ọjọ́ tí wọ́n ti lé e.

Jàfárù kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Ó ní ó ti mú, ó ti mú, wọ́n ń dàgbà, ọ̀kan ti di méjì, méjì ti di mẹ́rin, wọ́n ti ń so mọ́ra wọn, wọ́n ń jẹun dáadáa. Ó ń rẹ́rìn-ín. Zubaidat kò gbọ́ ọ kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

"Jàfárù," ni ó wí, "ìyá mi wà nílẹ̀ balùwẹ̀. Ohun tó gbé e ṣubú ni inú rẹ ń dùn sí yẹn. Kú oríire. Ó ń dàgbà níbí náà."

Ẹ̀rín náà kú.

"Má pè mí mọ́," ni Zubaidat wí, ó sì pa fóònù.

Màríámọ̀ ti la ojú lórí itan rẹ̀. Ó bi í pé kí ni ọmọ náà wí. Zubaidat kò fẹ́ sọ, ìyá náà sì fi ojú mú un títí ó fi sọ. Màríámọ̀ ní kí wọ́n pe Àjọkẹ́, kí wọ́n pe táksì. Ó ní òun fẹ́ rí i.

"Ìyá, rí kí ni?"

"Ohun tó ń jẹ mí láti èṣí wá, tí n kò rí ojú rẹ̀ rí."

Àwọn méjèèjì ló gbé e wọ táksì. Zubaidat bínú kọjá afárá, ó bínú wọ ilé ìwádìí, kò kí Jàfárù. Jàfárù náà kò gbójú sókè. Wọ́n gbé Màríámọ̀ sórí àga níwájú ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Jàfárù gbé àwo pẹlẹbẹ kan jáde láti inú àpótí tó ń móoru bí ara èèyàn, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní kí màmá fi ojú kan sí i.

Màríámọ̀ wò ó pẹ́. Ó ní ó dàbí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ nínú omi òjò. Ó bi í pé ṣé àrùn òun nìyẹn. Jàfárù ní òun ni.

"Ìwọ ìranù yìí," ni Màríámọ̀ wí fún àrùn náà. "Ìwọ lo gba ọmú tí mo fi tọ́ ọmọ mi. Ìwọ lò ń mú ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò máa sunkún, tó rò pé n kò mọ̀. Wo bí o ṣe rí. O ò tilẹ̀ lẹ́wà."

Àǹtí Àjọkẹ́ yíjú sí ògiri. Màríámọ̀ gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ, ó kọjú sí Jàfárù.

"Àlhájì ní èpò lò ń gbìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá."

"Ṣé èèyàn lè tu èpò tí kò hù?"

"Rárá, màmá. Ó gbọ́dọ̀ hù kí a tó mọ ohun tó ń pa á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló dé tí o kò wí bẹ́ẹ̀ fún un?"

"N kò mọ̀ ọ́n sọ."

"Ó dáa," ni Màríámọ̀ wí. "Kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Oko mi nìyí. Ẹ ro ó."

Nígbà tí wọ́n ń gbé e padà sínú táksì, Zubaidat dúró sẹ́yìn. Ó bi Jàfárù ní ohun kan ṣoṣo, kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín lórí fóònù.

Jàfárù nu ọwọ́ mọ́ aṣọ funfun rẹ̀. Ó ní láti ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, tọmọdé tàgbà ni òun ti gba ẹ̀jẹ̀ wọn, ó sì máa ń kú mọ́ òun lọ́wọ́, àwọn tó ni ín náà a sì kú. Èyí ni àkọ́kọ́ tó yè. "Inú mi dùn kí n tó rántí pé ti ta ni. Lẹ́yìn tí mo rántí, ó ṣì dùn. Òótọ́ nìyẹn. Hàkúrí, má bínú."

Ká ní ó sọ nǹkan tó dùn ni, Zubaidat ì bá lọ, kò sì ní padà mọ́. Ó wò ó. Inú ṣì ń bí i. Ó ní kó lọ ro oko ìyá òun.

Jàfárù kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lóòótọ́, ọmọ Zarma kan, Hausa kan, obìnrin Tuareg kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn. Wọ́n pín sẹ́ẹ̀lì náà sínú àwọn ihò kéékèèké, wọ́n kán oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oògùn tí Màríámọ̀ ti ń lò kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan, ṣe ni wọ́n ń bí sí i nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oògùn yòókù ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Dókítà tó ń tọ́jú Màríámọ̀ ní iṣẹ́ yìí ṣì jẹ́ ìwádìí, ẹnikẹ́ni kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tó wà lọ́wọ́ òun ti tán, òun kò sì rí ìdí tí àwọn kò fi ní gbìyànjú.

Àlhájì ló kù. Màríámọ̀ pè é jókòó, ó pe Àǹtí Àjọkẹ́ ṣe ẹlẹ́rìí. Ó sọ ibi tó lọ fún un. Àlhájì bínú, ó pariwo, ó ní wọ́n ti sọ òun di àjèjì nínú ilé òun. Màríámọ̀ jẹ́ kó pariwo tán.

"O béèrè ọ̀wẹ̀," ni ó wí. "Wọ́n ti wá ṣe é. Mẹ́rin ni wọ́n, ọwọ́ wọn bó. Ojú mi ni mo fi rí èpò náà. Kí lo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn?"

Orúkọ oògùn náà ni Àlhájì béèrè. Kò sí ní Niamey. Òun fúnra rẹ̀ ló wọkọ̀ gba Kónni ní ẹnubodè lọ sí Kano lọ rà á, ó gbé e sórí itan bọ̀. Nígbà tó dé, ilé ìwádìí ló kọ́kọ́ yà sí, kó tó délé. Ó bi Jàfárù bóyá ó yẹ kí òun ti fi yìnyín sí i. Jàfárù ní eléyìí, bẹ́ẹ̀ ni. Àlhájì ní òun ti fi sí i. Ìyẹn nìkan ni àforíjì tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Kò wò ó sàn, ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà òjò ni Màríámọ̀ fi ń mí láìsúfèé. Ó jẹ ẹran, ó dúró nínú rẹ̀. Wọ́n so yìgì Zubaidat àti Jàfárù lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ìyá ìyàwó sì jókòó ní gbangba, ó ń bú Àǹtí Àjọkẹ́ pé kò wé gèlè rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Zubaidat kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ fún àdúrà, ó ṣe àdúrà ṣókí, ó wá sọ sí i létí pé kó má fẹ́ràn ẹni tí kò lè gbé abọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ikọ́ padà. Oògùn kò ràn án mọ́. Èyí tí oògùn kò rí pa ti gba ilé. Màríámọ̀ kú ní òwúrọ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ti Àlhájì, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi sin ín, bí ẹ̀sìn ti wí.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Jàfárù kò lè jẹun. Zubaidat bi í. Ó ní àrùn màmá ṣì wà lọ́dọ̀ òun. Nínú àwo náà, díẹ̀ kò kú nígbà tí wọ́n kán oògùn sí i, ó ti dàgbà padà, irú rẹ̀ gan-an ló pa màmá. Ó ní bí Zubaidat bá ní kí òun dà á nù, òun á dà á nù lónìí.

Àlhájì wà níbẹ̀. Ó ní kò ní dà á nù. Ara ìyàwó òun ni, kí wọ́n gbé e wá kí òun lọ sin ín tì í. Omi ti lé ròrò sí ojú rẹ̀.

"Kì í ṣe ara Ìyá, Bàbá," ni Zubaidat wí. "Ohun tó pa Ìyá ni. A kì í sin apani sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó pa."

Bàbá rẹ̀ fi etí aṣọ nu ojú.

Zubaidat wé ìborùn, ó ní kí Jàfárù dìde. Wọ́n kọjá odò. Nílé ìwádìí, ó bi í bóyá irú èyí wà lára obìnrin mìíràn tó ṣì wà láàyè. Jàfárù ní ó wà, ó pọ̀, méjì wà lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù lónìí. Zubaidat bi í bóyá ó ti mọ oògùn tó lè pa èyí tó ṣẹ́kù yìí. Ó ní òun kò tíì mọ̀ ọ́n, òun ní láti máa dán an wò, ó sì lè pẹ́. Zubaidat ní kó fún òun ní aṣọ funfun.

Ó fọ ọwọ́ bí Jàfárù ṣe kọ́ ọ, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ jókòó sí. Jàfárù fi hàn án bí wọ́n ṣe ń fa omi àtijọ́ kúrò, bí wọ́n ṣe ń kán tuntun sí i díẹ̀díẹ̀. Zubaidat fi ojú sí ẹ̀rọ. Wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n so mọ́ra wọn bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́, ara wọn dá ṣáṣá.

Ó kán oúnjẹ sí wọn.

"Jẹun," ni Zubaidat wí. "Jẹun dáadáa, kí á lè mọ ohun tí a ó fi pa ọ́."